Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Fi Gé Fídíò Itẹ́ Òkú

Liepsala, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ilva ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé. Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé mi nínú àpótí lẹ́tà rẹ, wàá mí kanlẹ̀ kí o tó ṣí i, torí o ti sọ fún mi pé fóònù ni ayé ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe máa ń rí lórí fóònù. A ó kí ara wa, a ó béèrè ojú ọjọ́, lẹ́yìn náà ìjà. Nínú ìwé, ìjà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó délé.

Ara mi le. Yìnyín ṣì wà lórí òrùlé ilé ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún ń dun ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Velta, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á. Gunārs aládùúgbò wa kí ọ.

Kọ̀ǹpútà ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ìwọ tí ò ń gé fídíò ìgbéyàwó fún àwọn ará Ireland, ta ni mo tún fẹ́ bi bí kò ṣe ìwọ? Èyí tó wà nílé ti gbó, ó ń mí bí ẹṣin tó gun òkè. Mo fẹ́ èyí tí mo lè fi tún fọ́tò ṣe, tí mo sì lè fi gé fídíò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú wa: ibojì tí ẹnikẹ́ni ò bá wá dúró fún gẹ́gẹ́ bí ẹbí òkú rẹ̀ títí di ọdún itẹ́ òkú ní oṣù Keje, ọjọ́ tí gbogbo wa ń pé jọ sídìí ibojì àwọn èèyàn wa, wọn á tẹ́ ẹ, wọn á fi fún ẹlòmíràn. O mọ apá ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbélébùú onígi ti jẹrà, kò sí orúkọ, kò sí nǹkan kan. Velta nìkan ló kù nínú gbogbo abúlé tó mọ ẹni tó sùn síbi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí igi ń wọ́wé lọ́dún tó kọjá, èmi àti wọn rìn níbẹ̀ láti ìlà dé ìlà, wọ́n ń dárúkọ, mo ń fi kámẹ́rà gbà á. Mo fẹ́ gé e di fídíò kan, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ireland, England àti Germany, kí olúkúlùkù lè mọ òkú tirẹ̀ kó sì wá dúró fún un. Bí fídíò yìí ò bá jáde, àwọn èèyàn wọ̀nyẹn á kú lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, èwo ni kí n rà? Gunārs ní kí n ra irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ta géèmù, torí iná pupa àti iná àwọ̀ ewéko ń tàn nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé igi Kérésì ló ń júwe fún mi.

Mi ò ní béèrè bóyá wàá wá lọ́dún yìí. O rí i pé mi ò béèrè.

Bàbá rẹ,
Visvaldis


Galway, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àìfararọ òtútù. Inú mi dùn pé ara yín le. Ẹ bá mi kí Àǹtí Velta, ẹ má sọ fún wọn pé mo béèrè orúnkún.

Ìbéèrè yín dára, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn.

Gunārs ò ṣìnà. Ẹ fi ti iná sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tó lágbára láti ta géèmù lágbára láti gé fídíò, torí iṣẹ́ tí inú rẹ̀ ń ṣe jọra. Ẹ ra èyí tó ń jókòó sójú kan, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Iye owó kan náà, èyí tó jókòó á lágbára ju èyí tí à ń gbé kiri lọ, kò sì ní tètè gbóná. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí gígábáìtì méjìlélọ́gbọ̀n. Díísìkì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, kó sì fẹ̀, torí fídíò máa ń jẹ àyè bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń jẹ ọ̀dùnkún. Ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ ó máa wò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ ewé di búlúù, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ra díísìkì méjì tí à ń so mọ́ ọn láti ìta. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà, ẹ kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì kí ẹ tó nu ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà kúrò. Kí ẹ tó nù ún, Bàbá. Mo ti rí ọkùnrin tó ń sunkún ní ọ́fíìsì wa nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ sọ ohun kan fún mi: báwo ni fídíò tí kámẹ́rà yín gbà ṣe tóbi tó? Ó wà nínú ìwé kékeré tó bá a wá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá lè sọ èyí tí ẹ máa rà gan-an.

Ní ti oṣù Keje, ìgbà ìgbéyàwó nìyẹn níbí. Ẹ mọ̀.

Ọmọ yín,
Ilva


Liepsala, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Ilva,

Ìwé rẹ dé, ó gùn, ó sì wúlò. Mo fẹ́ tún àwọn ibì kan ṣe nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, o ní kó jókòó sójú kan. Bí ó bá jókòó, báwo ni màá ṣe gbé e lọ sílé Velta? Wọn ò lè rìn wá síbí nínú ẹrẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa wo ohun tí mo ń gé. Nítorí náà láptọ́ọ̀pù ni. Èkejì, mo ka ìwé ìròyìn kan ní ilé ìkàwé tó sọ pé mẹ́mọ́rì gígábáìtì mẹ́jọ tó fún iṣẹ́ ilé. Mo sì wà nílé. Ẹ̀kẹta, ní ti àwọ̀, ojú mi ṣì mọ ewé yàtọ̀ sí búlúù láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kámẹ́rà mi dára, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ díísìkì méjì náà, mo rò pé àṣejù àwọn tó ń tà á ni. Ta ló ń kọ ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì?

Mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ rà á ní ìlú Valmiera ní ìparí oṣù yìí.

Bàbá rẹ


Galway, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́. Ẹ bi mí, mo dáhùn, ẹ wá fi báírò pupa fún mi ní máàkì. Mo ti lé ní ogójì ọdún, iṣẹ́ tí mo ń jẹun nínú rẹ̀ lẹ bi mí, ìwé ìròyìn ilé ìkàwé ló wá ṣe ìdájọ́.

Ó dáa. Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù dandan, èyí tó nípọn ni kí ẹ rà, tó wúwo, tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó tín-ín-rín dára fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá gbé e tí ó fúyẹ́, ẹ gbé e padà sórí tábìlì kí ẹ sì rìn kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi ìwé mi àkọ́kọ́ han ẹni tó ń tajà. Kí ẹ sì jẹ́ kó ka á tán.

Ilva


Galway, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ ò fèsì láti ìgbà yẹn. Mo pè yín, fóònù ń dún ṣáá. Mo wá pe Gunārs. Ó ní ara yín le, ó ní ẹ ti ń túlẹ̀ ọgbà. Mo ní kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní, "Ilva, ó rà á o. Ó tín-ín-rín bí pákó tí à ń gé búrẹ́dì lé. Ó dà bíi pé kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, torí ó ti fi aṣọ bò ó."

Kí lẹ rà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí fídíò náà? Ẹ má fi ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yín.

Ilva


Liepsala, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún

Ilva,

Mo ti ṣe ohun kan tí kò dára, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù ní Valmiera, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde sí mi, ó ní, "Tíṣà." Sintija ni, tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì nílé ìwé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí a ṣe ń ka máàpù, Tíṣà. Kí lẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Ìwé rẹ wà nínú àpò kóòtù mi. Ọwọ́ mi ti kàn án. Ṣùgbọ́n ó ti pè mí ní tíṣà lójú gbogbo èèyàn, mo wá ń rí i bí ẹni pé mo fẹ́ yọ bébà jáde kí n sì máa ka ohun tí ọmọ mi kọ́ mi. Mo ní, "Má ṣèyọnu, mo ti ka gbogbo rẹ̀." Ó ní, "Àbí fídíò lẹ fẹ́—" Mo ní, "Mo ti kà á, Sintija." Mo na ọwọ́ sí èyí tó rẹwà jù, ó sì dì í fún mi. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yẹ àpò wò nínú bọ́ọ̀sì bóyá ó wà níbẹ̀.

Mo kó fídíò sínú rẹ̀. Mo nu káàdì kámẹ́rà, nítorí mo fẹ́ fi ya òdòdó ìgbà ìrúwé. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bí mo bá tẹ ibì kan, àwòrán á dúró, ẹnu Velta á là sílẹ̀ láìpadé. Ètò tí à ń fi gé fídíò wá béèrè bóyá kó ṣe ẹ̀dà kékeré fún mi, tí iṣẹ́ á fi yá. Mo ní kó ṣe é. Ó ṣe é, iṣẹ́ sì yá lóòótọ́. Àwòrán wà níbẹ̀, ohùn wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán. Mo wo àwọn fáìlì ńlá ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹn, mo rí i pé mi ò lò wọ́n mọ́. Mo pa wọ́n rẹ́.

O mọ bí a ṣe ń ṣe bí a bá ń kúrò nídìí ibojì. A ó fi réèkì eléyín irin tọ́ yanrìn tí à ń dà sórí ibojì, a ó máa rìn sẹ́yìn, a ó tọ́ ipa ẹsẹ̀ ara wa rẹ́ títí a ó fi dé ojú ọ̀nà, kó má bàa sí ipa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn: tún ẹ̀yìn rẹ ṣe. Bí mo ṣe tọ́ fáìlì náà rẹ́ nìyẹn. Mo tilẹ̀ yin ara mi fún ìmọ́tótó.

Ìgbà tí mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n Gunārs ni mo tó rí i. Ojú Velta dà bí ohun tí a rí láti inú ife tí wàrà kíkan ti gbẹ mọ́. Òkúta ibojì ò ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Gunārs lọ po kọfí.

Mo fi gbogbo ohun tó kù ránṣẹ́ sí ọ nínú fláàṣì tó wà nínú àpòòwé yìí. Bóyá nǹkan wà tí ẹ̀yin oníṣẹ́ lè ṣe. Oṣù Keje ti ń sún mọ́lé.

Bàbá rẹ


Galway, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Fláàṣì dé. Mo ti wò ó. Mo kọ lẹ́tà kan ṣáájú èyí, mo ya á.

Àwòrán ti lọ. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ̀dà kékeré yẹn, òjìji ni. Ẹ gé igi, ẹ fi òjìji sílẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni mo ní kí ẹ ṣe. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ lè jóná ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ohùn inú rẹ̀ mọ́ kedere, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ti gbọ́ ọ rí? Mi ò sọ pé ṣé ẹ ti wò ó. Ẹ jẹ́ kí n kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Àǹtí Velta: "Kārlis Zvirbulis nìyí, tó ń ṣe bàtà—"

Ẹ̀yin: "Kì í ṣe bàtà, gàárì ẹṣin ni."

Àǹtí Velta: "Ó ṣe bàtà kó tó ṣe gàárì."

Ẹ̀yin: "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń wọ̀."

Bó ṣe rí láti ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tí ẹ fẹ́ kí fídíò yìí gbà là, ohùn yín ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àǹtí Velta á bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ẹ̀yin á parí rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ parí rẹ̀ sí orúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ dé abẹ́ igi eléèpo funfun lẹ́bàá ògiri. Ẹ gbọ́ èyí:

Àǹtí Velta: "Èyí… Visvaldis, èyí tó wà níbí—"

Ẹ̀yin: "Ibí ṣófo. Ìgbà tí wọ́n mọ ògiri tuntun ni wọ́n gbin igi yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń wò."

Ẹ wá ṣàlàyé ògiri. Ẹ ṣàlàyé òkúta rẹ̀, ẹ ṣàlàyé ẹni tó mọ ọ́n. Àǹtí Velta ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló wà lábẹ́ igi yẹn, Bàbá? Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Ohun tí ẹ ṣe sí Sintija nìyẹn, òun lẹ ṣe sí mi náà. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ń lọ sí Ireland, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ—" Ẹ̀yin lẹ ní, "Fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn ò burú." Ẹ lọ sọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Mi ò sọ oṣù mẹ́fà. Ọdún mélòó ni mo ti wá ń tọrọ àforíjì fún ohun tí ẹnu mi ò sọ?

Ẹ padà lọ bá Àǹtí Velta. Ẹ tún fi kámẹ́rà gbà á. Lẹ́yìn náà ẹ gbé kọ̀ǹpútà tín-ín-rín yẹn lọ bá Sintija.

Ilva


Liepsala, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà

Ilva ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo sì gbọ́ fídíò náà. Mo gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, mo yíjú sí fèrèsé, mo kàn ń gbọ́. Mi ò mọ ọkùnrin tó ń fi ohùn mi sọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ló lò níwájú kíláàsì, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ó sì gbé e wálé. Ní ti oṣù mẹ́fà, òótọ́ lo sọ. Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe oṣù mẹ́fà. Mo sọ ọ́ kí o má bàa rí àyè sọ pé o ń lọ pátápátá. Ìyẹn ni mo jẹ̀bi rẹ̀, mi ò sì ní ṣàlàyé rẹ̀ síwájú.

Mo lọ sílé Velta. Wọ́n ń ṣa ewé kíkan tí à ń pè ní ṣórẹ́ẹ̀lì sínú ìkòkò ọbẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní, "Ẹ ò sọ gbogbo rẹ̀."

"Ta ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́?"

"Èmi ni."

Wọ́n wò mí lọ títí, bí ẹni pé mo ti ń ṣàìsàn. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Mo ní, "Ilva ni."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ." Wọ́n na ọwọ́ sórí pẹpẹ, wọ́n gbé àpò gotiņa wá, súùtì oníwàrà yẹn tó máa ń lẹ eyín pọ̀. Wọ́n ní, "Màá bá ọ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wàá ju ọ̀kan sẹ́nu. Bí o bá jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ̀rọ̀ tán, màá fún ọ ní òmíràn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àtọ̀gbẹ wà lára mi."

Wọ́n ní, "Èèyàn kan wà lára rẹ tó burú ju àtọ̀gbẹ lọ."

Bí a ṣe lọ nìyẹn, Gunārs fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n jókòó sórí àga kékeré tí mo ń gbé tẹ̀lé wọn láti ìlà dé ìlà. Ilva, mi ò mọ ìdajì ohun tí wọ́n sọ. Kārlis Zvirbulis ṣe bàtà lóòótọ́. Ó ṣe bàtà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Mo fẹ́ béèrè èyí, mo fẹ́ béèrè tọ̀hún, eyín mi ti lẹ̀ pọ̀.

A dé abẹ́ igi eléèpo funfun. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti gbé súùtì náà mì. Mo lè sọ̀rọ̀. Mo di kámẹ́rà mú.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló wà níbí. Mirdza lorúkọ rẹ̀. Ìyá wa ló fi omi ilé ìdáná ṣe ìrìbọmi fún un, torí wọ́n rí i pé kò ní pẹ́ láyé. Kò rí ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi àti ìyá wa la gbé e wá síbí, kó tó di pé igi wà. Visvaldis, ọ̀dọ̀ àǹtí wa ní Cēsis lo wà nígbà náà. Nígbà tí o padà dé, o ní mo sanra, ìyá wa sì gbá ọ létí. O ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní."

Mo rántí ìfọ́tí yẹn. Mo ti ń bínú sí ìyá mi nítorí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mi ò bi wọ́n ta ni bàbá rẹ̀. Wọn ò sì sọ.

Mo ti lọ sí Valmiera. Mo gbé ìwé rẹ lé Sintija lọ́wọ́, mo jókòó. Ó kà á tán. Ó béèrè ìwọ̀n fídíò tí kámẹ́rà mi ń gbà, mo sì ti mú ìwé kékeré rẹ̀ dání. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ọjà padà ti kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba èyí tó tín-ín-rín mọ́ owó kọ̀ǹpútà tuntun. Mo gbé èyí tó jókòó. Ó wúwo bí àdògán irin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ràn mí lọ́wọ́. Iná díẹ̀ wà nínú rẹ̀ o. Gunārs wá wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Díísìkì méjì náà wà, ọ̀kan níbí, ọ̀kan nílé Velta nínú àpótí aṣọ wọn.

Mo ti ń gé e. Mo ń fi èyí tí mo ti gé ránṣẹ́ sí ọ.

Bàbá rẹ,
Visvaldis


Galway, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọdún Jāņi, ọdún àárín ẹ̀ẹ̀rùn tí à ń dáná fún, mo nírètí pé ẹ ò fo iná ní ọjọ́ orí yín.

Mo ka ìwé yín níbi iṣẹ́, mo ní láti jáde síta. Mirdza. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fídíò.

Àwòrán dára. Àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ fi orin àkọ́díọ́nù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Orúkọ yín tó wà níbẹ̀rẹ̀ tóbi ju orúkọ abúlé lọ, ẹ dín in kù. Àwòrán òdòdó tó ń yí ká lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí nídìí rẹ̀ màá ké.

Ní abẹ́ igi, kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn gan-an. Èèyàn á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Nínú fídíò ìgbéyàwó, mi ò ní jẹ́ kó gùn bẹ́ẹ̀. Mo wò ó léraléra. Ẹ má gé e. Ṣé Àǹtí Velta gbà kí gbogbo ayé gbọ́ ọ? Ẹ bi wọ́n. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Mi ò lè wá ní oṣù Keje. Ìgbéyàwó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fẹ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ bí mo ṣe sọ wọ́n.

Ọmọ yín,
Ilva


Liepsala, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje

Ilva ọmọ mi,

Mo kí ọ, Velta kí ọ. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ìyẹn nìkan ni màá sọ nípa ojú ọjọ́.

Mo bi wọ́n kí n tó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Bí àwọn yòókù bá ní orúkọ, kí ni tèmi ṣe?" Ó di ohun tí gbogbo ayé gbọ́.

Àwọn èèyàn wá. Àwọn Zvirbulis wá láti Germany, ọmọ ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ò gbọ́ èdè wa. Wọ́n dúró níwájú ibojì oníbàtà, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn kan láti Limerick ní Ireland mú yanrìn funfun dání nínú àpò. Apá ìsàlẹ̀ tó ti di igbó, réèkì ń dún níbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn ibojì tí kò sẹ́ni tó wá dúró fún ṣì wà, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí pásítọ̀ tó ń súre fún àwọn ibojì ń bọ̀ ní ẹ̀bá ògiri, Velta ti wà lábẹ́ igi náà, wọ́n dúró, wọ́n kọ̀ láti jókòó sórí àga. Mo rò pé èmi àti wọn nìkan la máa wà níbẹ̀. Gunārs bọ́ fìlà, ó wá. Lẹ́yìn náà ìyàwó Gunārs, tó máa ń sọ gbogbo nǹkan fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà àwọn yòókù. Obìnrin kan gbé òdòdó tirẹ̀ kúrò lórí ibojì ọkọ rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún Mirdza.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tábìlì rẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹni tó dúró fún ibojì kọ̀ọ̀kan. Velta fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún Mirdza. Akọ̀wé náà fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ó nílò orúkọ kejì, ti ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, tó máa dúró fún un lẹ́yìn wọn. Ó wò mí. Mo sọ ọjọ́ orí mi fún un, ó mi orí pé kò ṣeé ṣe.

Velta yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ilva ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọmọ yìí jẹ́. Ṣé á gbà?"

Ó ti wà lẹ́nu mi, ọmọ mi. Mo ti mí sínú láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á gbà, kí ló dé tí kò ní gbà. Akọ̀wé ti gbé báírò sókè.

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Màá bi í."

Akọ̀wé ní kò burú, ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Velta di apá mi mú títí a fi dé ilé.

Mo ti bi ọ́ báyìí.

Bàbá rẹ